Amúkùn-ún, Ẹrù Rẹ Wọ́: Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Mi Fi Ojú Mi Rí Lórí Rédíò

Òwe kan ló dá a sílẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2019 ni, ní agogo méje àbọ̀ òwúrọ̀, lórí ètò tí àwọn ará Ìbàdàn máa ń pè sí kí kálukú tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ọ̀nà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tó ti tún ya là ń sọ̀rọ̀ lé lórí, gbogbo ẹni tó ń pè ló sì ń bú agbaṣẹ́ṣe. Mo ní kí a má wo agbaṣẹ́ṣe nìkan, kí a wo iye tó kúrò lápò ìjọba àti iye tó dé ọwọ́ ẹni tó ń da ọ̀dà sí títì. Mo wá fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: "Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀."

Ẹnu ìyá tó bí bàbá mi ni mo ti gbọ́ òwe yìí. N kò lè ka iye ìgbà tí mo ti pa á lórí afẹ́fẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó bá mi wí rí. Lọ́jọ́ náà, obìnrin ni ẹni kẹta tó pè. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọmọ kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kéré ju èkejì lọ. Òun àtàwọn ọmọ àdúgbò ni mo kó sínú ọkọ̀, mò ń gbé wọn lọ sílé ìwé. Bí ẹ ṣe ní amúkùn-ún báyìí, gbogbo wọn yíjú sí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n sọ fún un?"

N kò rí nǹkan sọ. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ṣẹ́wọ́ sí ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kó fi orin sí i. Kí orin náà tó parí, àwọn tó fẹ́ dá obìnrin yìí lóhùn ti kún orí fóònù.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi fà á. Bàbá kan pè láti Òjé, inú ń bí wọn. Wọ́n ní, "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti fẹ́ pa ẹṣin jẹ, ẹ ó wá máa fẹsẹ̀ rìn." Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì kan ní òfin tó ní kí a má ya àwọn tí nǹkan ṣe lára sọ́tọ̀ ti dé, pé Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, pé bí mo bá tún dán an wò, ẹ̀wọ̀n ni. Ìyá ìjọ kan ka ìwé Léfítíkù orí kọkàndínlógún fún wa, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí a má ṣe ṣépè fún adití, kí a má sì fi ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú. Ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára jù lọ ti ẹnu alfa kan wá, láti apá Ọjà Ọba. Alfa yìí rán wa létí Súrà Abasa, nípa afọ́jú kan tó wá bá Ànábì, tí Ànábì sì fajú ro, tí wọ́n yíjú kúrò, tí Ọlọ́run wá fi bá wọn wí. Wọ́n ní, "Ẹ kíyè sí i o. Afọ́jú ni Ọlọ́run pe ọkùnrin yẹn nínú Kùránì, kò sì sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ojú tí wọ́n yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Ọlọ́run ò fẹ́."

Mo kọ ọ̀rọ̀ alfa yìí sínú ìwé mi lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò tíì yé mi. Ó gbà mí tó ọdún mẹ́ta kó tó yé mi.

Ẹ̀sùn tí mo gbọ́ jù ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì ni pé òyìnbó ló kó gbogbo èyí dé, pé àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n fẹ́ máa kọ́ wa bí a ó ṣe máa sọ̀rọ̀ nílé bàbá wa. Èmi náà kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ta ló ń ṣọ́ ẹnu tó Yorùbá? Ọba kì í kú lẹ́nu wa, ọba a máa wàjà. Obìnrin tó lóyún, wọ́n á ní ó ti fẹ́ra kù. Ejò tó bá wọlé lóru, okùn ni à ń pè é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tí ìgbóná ń pa ọmọ lọ ràì nílẹ̀ yìí, ta ló láyà láti pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ lọ́sàn-án gangan? Olóde ni wọ́n ń pè é. Ìyá bàbá mi tó kọ́ mi ní òwe amúkùn-ún, ìyá yìí kan náà ni kò jẹ́ pe ọkùnrin abuké tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ní abuké. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn àgbà gbà pé ọwọ́ Ọbàtálá ni abuké, arọ àti àfín ti wá. Bí ọkùnrin náà bá wá jẹun lọ́dọ̀ wa, tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọdé bá tẹjú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìyá yóò fún onítọ̀hún lẹ́ṣẹ̀ẹ́. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìyẹn, mi ò tíì mọ ìwé kà nígbà náà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òyìnbó ló kọ́ wa láti fara balẹ̀ pe ọmọnìkejì wa kò rántí ilé. Àmọ́ ilé náà la ti kọ́ wa pé àdàpè ní ibi tó yẹ kó dúró sí. Àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́". Bí wọ́n bá ti jí ọ lẹ́rù tán, ó di dandan kí ẹnì kan pe olè ní olè kó o tó lè rí ẹrù rẹ gbà. Ẹ̀kọ́ méjèèjì jọ wà nínú ìdílé kan náà, kò sí èyí tó pa èkejì rẹ́. Ohun tó ṣe àjèjì sí mi ni kí àwọn kan tí nǹkan kò ṣe jókòó sí ọ́fíìsì, kí wọ́n máa sọ ẹlòmíràn lórúkọ tuntun láì bi í.

Ohun tí àwa sì ṣe nìyẹn.

Ọ̀gá wa kò fẹ́ wàhálà. Ó ní kí èmi àti ẹnì kejì mi nínú ètò kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ mọ́ jọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n la kó jọ: afọ́jú, adití, odi, arọ, amúkùn-ún, abuké, adẹ́tẹ̀, wèrè, akólòlò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A kọ èyí tí a ó máa lò dípò síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: àkàndá ẹ̀dá, ẹni tó ní ìpèníjà ojú, ẹni tó ní ìpèníjà etí. Ọwọ́ mi ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri sítúdíò. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo rò pé mo ti wẹ ara mi mọ́ níwájú ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án yẹn.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó fipá mú mi kọ. Fún ọdún mélòó kan, mo ní ohùn kan tí mo máa ń yí sí láti fi pa àwọn olùgbọ́ lẹ́rìn-ín, ohùn akólòlò tó fẹ́ ra ẹ̀wà tí oníbàárà ẹ̀yìn rẹ̀ ń kanra. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á pè pé kí n tún un ṣe. Àbúrò ọkọ mi sì ń kólòlò. Kò bá mi sọ ọ́ rí, àmọ́ kò sí ìgbà kan tí mo bá a níbi tó ti ń gbọ́ ètò mi. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ọdún 2019 yẹn. Ó ní, "Ìyàwó wa, ó ti tán." Mi ò mọ̀ bóyá ó tán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orúkọ kọ́ ló ń dùn ún. Ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé akólòlò ni òun. Ẹ̀rín ló ń dùn ún, bí gbogbo ìlú ṣe ń fi ohun tó ń bá a jà ní gbogbo òwúrọ̀ ṣeré.

Mo wá òfin tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi dẹ́rù bà mí. Mo kà á lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ká má sọ ni mò ń wá, n kò rí i. Ohun tí mo rí ni pé ilé iṣẹ́ tó bá ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí ohun tó ṣe ara rẹ̀ yóò san mílíọ̀nù kan náírà. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló ṣe é, 100,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bí a bá tò sórí ìlà, àwọn tí nǹkan ṣe lára ni ká kọ́kọ́ dá lóhùn. Nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba, ó yẹ kí márùn-ún ó kéré tán jẹ́ ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣagbe. Ilé tí ará ìlú ń wọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fún àwọn tó ni ilé láti tún un ṣe. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011. Àtẹ̀gùn ni, ọkọ̀ ni, ìlà báńkì ni, iṣẹ́ oṣù ni. Òfin náà ń wo ìsàlẹ̀. Àwa tí à ń jà lórí rédíò, òkè là ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àkọsílẹ̀ wa fà, nítorí èyí ló yí èrò mi padà.

Ní ìparí ọdún 2019, ìdílé kan mú ìkéde wá. Bàbá wọn, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, jáde lẹ́yìn ìrun àsárì, kò sì padà wálé. Irú ìkéde báyìí ni oúnjẹ ilé iṣẹ́ rédíò Yorùbá, a máa ń gbà á lójoojúmọ́. Wọ́n kọ aṣọ tí bàbá wọ̀, wọ́n kọ ilà ojú wọn, wọ́n kọ ọ́ pé afọ́jú ni wọ́n. Ọmọ tó ń ka ìkéde wo ògiri, ó wo ìwé, ó sì ṣe bí a ṣe ní kó ṣe. Ó kà á pé bàbá náà "ní ìpèníjà ojú". Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ la kà á bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n rí bàbá ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí kan ní Ojóò. Wọ́n wà láàyè, a dúpẹ́, àmọ́ òtútù ti mú wọn, ẹsẹ̀ wọn sì ti wú. Ọmọ wọn ọkùnrin wá sí ọ́fíìsì wa. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá alákàrà kan wà ní iwájú mọ́sáláṣí yẹn. Ó ní òun gbọ́ ìkéde yín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bàbá wà níwájú rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ní òun rò pé ẹni tó ń lo jígí ni à ń wá. Afọ́jú la kọ sínú ìwé tí a fún yín. Kí ló dé tí ẹ yọ ọ́?"

Mo sọ fún un pé a kò fẹ́ ṣẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ ti ṣẹ̀ wọ́n."

Ohun kejì tún wà tí mi ò tètè rí. Kí àkọsílẹ̀ náà tó dé, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń gba àlejò tí kò ríran tàbí tí kò lè rìn lórí ètò wa. Lẹ́yìn rẹ̀, oṣù mẹ́jọ kọjá, a kò gba ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀. Ìbẹ̀rù ni. Àwọn ọmọdé tó ń bá wa ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé, "Mà, tá a bá lọ ṣi ọ̀rọ̀ sọ ńkọ́?" Wọ́n rí i pé ó rọrùn láti má pè wọ́n rárá ju kí wọ́n ṣi orúkọ wọn pè lọ. A ti yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí alfa yẹn ṣe wí, a sì pè é ní ọ̀wọ̀.

Ẹ má rò pé mo wá ń sọ pé kí ẹnu máa já bí ọlọ́kọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáṣá kò jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìtanràn fún ọ̀rọ̀ ìkórìíra lórí afẹ́fẹ́ kúrò ní 500,000 náírà, ó di mílíọ̀nù márùn-ún. Owó yẹn lè ti ilé iṣẹ́ kékeré pa. Mo bínú sí i nígbà náà, mo ṣì ń bínú sí i, torí mo ti fi ojú ara mi rí olóṣèlú tí a bi léèrè owó tó sọnù, tó ní ọ̀rọ̀ ìkórìíra ni à ń sọ sí òun. Ẹni tó lágbára lè fi ọ̀rọ̀ tó bójú mu ṣe ibi ìsápamọ́, èyí sì burú ju òwe tí àwọn ọmọdé fi rẹ́rìn-ín lọ.

Àmọ́ ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ní Ìbàdàn níbí, láàárín àwọn Yorùbá àti àwọn Hausa. Ẹ̀mí lọ, ilé jó, ṣọ́ọ̀bù jó, gómìnà sì ní kí wọ́n ti ọjà náà pa. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọkùnrin kan pè sórí ètò mi, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ka ewì. Ó ní, "Ẹ̀yin ò mọ̀ pé Gàm̀bàrí pa Fúlàní..." N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo pa á lẹ́nu. Gbogbo ọmọ Yorùbá mọ ohun tó kù nínú òwe náà: kò lẹ́jọ́ nínú. Òwe ni lóòótọ́, ó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Àmọ́ òkú wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá sì ní ẹjọ́ kò sí nínú ikú ẹnì kan ti fún ẹlòmíràn láyè láti pa á.

Ó tún pè nígbà tí ètò parí, ó ní mo tẹ ẹ̀tọ́ òun mọ́lẹ̀. Mo ní ó ṣe é ṣe. Mo ronú nípa ọkùnrin Hausa tí mo máa ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sábó. Sábó ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti àwọn ọmọ mi lọ, ètò wa ló sì máa ń gbọ́ láàárọ̀. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu rédíò mi pé ikú wọn kò lẹ́jọ́ nínú? Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn tó ń kó oúnjẹ wá láti òkè Ọya dá ọjà wọn dúró, tí tòmátò àti àlùbọ́sà wá di wúrà lọ́jà. Kódà bí oúnjẹ kò bá wọ́n, n óò tún pa ọkùnrin yẹn lẹ́nu. N kò tíì kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Òwe méjì rèé, ọ̀kan lórí amúkùn-ún, ọ̀kan lórí ẹ̀yà. Mo máa ń bi ara mi pé kí ló dé tí mo fẹ́ dá ọ̀kan padà tí mo sì pa èkejì tì. Ẹni tó jẹ́ kí n rí ìdáhùn ni téélọ̀ kan ní Bẹẹrẹ.

Agbádá ló ń rán. Rọpárọsẹ̀ ló mú un nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, kí abẹ́rẹ́ àti oògùn ẹ̀kán-kán tó dé àdúgbò wọn, ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì ló sì fi ń rìn láti ìgbà náà. Ní ọdún 2022, mo bẹ ọ̀gá wa títí ó fi gbà kí n pè é wá bá wa sọ̀rọ̀. Ó wọ Míkírà wá, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì ní agogo méje, ó tètè dé ju èmi gan-an lọ. Ó wá dúró sí ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè. Àjà kejì ni sítúdíò wa wà. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Mo ti ń gùn ún láti bí ogún ọdún, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ kà á.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ṣọ́ tẹ̀ba, wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn pọ̀n ọ́n. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Mo ti dàgbà ju ẹni à ń pọ̀n lọ." Kó má baà padà lọ, mo ní kí a jókòó sínú yàrá ẹ̀ṣọ́ nísàlẹ̀, kí àwọn tó wà lókè fi fóònù gbé ohùn wa sáfẹ́fẹ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kún inú ètò náà. Síbẹ̀, òun ni ètò tó dára jù tí mo ṣe rí.

Mo ka àkọsílẹ̀ ara ògiri fún un. Ó ní kí n tún un kà.

"Ìpèníjà? Ta ló pè mí níjà? Ẹsẹ̀ mi kò pè mí níjà, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti mọwọ́ ara wa. Àtẹ̀gùn yín yìí ló pè mí níjà. Ẹ lọ kọ ọ́ sára ògiri."

"Àkàndá ẹ̀dá ńkọ́, sà?"

"Ta ni Ọlọ́run kò dá? Bí ẹ bá ti pè mí ní àkàndá, àánú ni ẹ ó máa ṣe mí. Ẹ ó fún mi ní igba náírà lójú títì, ẹ ó sì gbé aṣọ yín lọ fún téélọ̀ mìíràn. Téélọ̀ ni kí ẹ pè mí. Bó bá di dandan kí ẹ sọ ti ẹsẹ̀, ẹ ní arọ. Ó kúrú, ó yé gbogbo ayé."

Olùkọ́ kan pè wọlé, obìnrin tí kò ríran. Ó ní, "Bọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ má fa 'afọ́jú' wọlé tèmi o. Òun ni wọ́n fi ń bú mi láti kékeré, títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí kò ríran ni kí ẹ pè mí." Mo rò pé ìjà máa bẹ̀rẹ̀. Téélọ̀ kàn dáhùn pé, "Ó yé mi, àbúrò mi. Bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe máa pè yín." Ọ̀rọ̀ tí àwa ti fi ọdún mẹ́ta jà lé lórí, ìṣẹ́jú kan ló gbà wọ́n. Ẹlòmíràn pè láti sọ nípa Yínká Ayéfẹ́lẹ́, pé láti ìgbà ìjàǹbá ọkọ̀ ọdún 1997 ló ti wà lórí kẹ̀kẹ́, síbẹ̀ olórin ni gbogbo wa ń pè é, onílé iṣẹ́ rédíò ni à ń pè é. Mo fi ti Fọláṣadé Olúwafẹ́mi-Ayọ̀ kún un, ẹni tó gba wúrà fún Nàìjíríà nínú irin gbígbé ní Tokyo, ní ìdíje Paralympics tó wà fún àwọn tí nǹkan ṣe lára. Bí ènìyàn bá ti lórúkọ, iṣẹ́ rẹ̀ la fi ń pè é. Ẹni tí a kò mọ̀ ni à ń wá orúkọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri.

Níkẹyìn, mo bi í ní ọ̀rọ̀ òwe náà. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2019 fún un, àti ti ọmọ inú ọkọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Nínú òwe yẹn, ta ló gbọ́n jù?"

Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Amúkùn-ún ló gbọ́n jù. Gbogbo abarapá tó dúró síbẹ̀ ń wo ẹrù, òun nìkan ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, òun ló sì dá wọn lóhùn. Òwe yẹn fún amúkùn-ún ní ẹnu, ó sì fi ẹnu náà kọ́ ìlú lọ́gbọ́n. Òwe Gàm̀bàrí àti Fúlàní kò fún èyíkéyìí nínú wọn ní ẹnu. Òkú ni ọ̀kan, apànìyàn ni èkejì, àwa la sì jókòó tí à ń dájọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́ nìyẹn: mo máa ń wò ó bóyá ẹni tí a dárúkọ rí àyè sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Mo wá nọ́ńbà ìyá ọmọ yẹn rí nínú ìwé ìpè wa, mo pè wọ́n, mo ṣàlàyé ohun tí téélọ̀ sọ. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní, "Àǹtí, ó dáa fún àgbàlagbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọmọ mi nígbà yẹn. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ẹni tó gbọ́n jù fún àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín?" Wọ́n jàre. Nítorí náà, n kì í pa òwe yẹn láàárọ̀ mọ́, ní wákàtí tí àwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀ ilé ìwé. Mo máa ń pa á lórí ètò agogo mẹ́sàn-án alẹ́, mo sì máa ń sọ ọ́ tán, títí dórí ẹni tó gbọ́n jù. Bàbá ará Òjé ṣì ń bínú pé mo gé òwe sí wẹ́wẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì, tó ti di òṣìṣẹ́ báyìí, ní mo ń kó àbùkù bá àwọn ènìyàn sí i. Mo ń gba ìpè àwọn méjèèjì.

Àkọsílẹ̀ ara ògiri, ọwọ́ tí mo fi lẹ̀ ẹ́ náà ni mo fi já a. Bí a bá fẹ́ sọ nípa ẹnì kan báyìí, a máa ń bi í pé kí ló fẹ́ kí a pe òun. Bí ó bá sì jẹ́ ìkéde ẹni tó sọnù, ohun tí ìdílé kọ la ń kà.

Ọdún márùn-ún tí òfin fún àwọn onílé pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ wa pé kí wọ́n bá wa gbé sítúdíò kan wá sí ìsàlẹ̀. Wọ́n dáhùn pé wọn yóò wò ó. Mo tún kọ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo kọ ọ́ ní oṣù tó kọjá, téélọ̀ sì bá mi fọwọ́ sí i. Gbogbo ọjọ́rú tí ó bá wá, yàrá ẹ̀ṣọ́ la ṣì ń jókòó sí.